Tí bàbá bá ní pròstéètì tó wú, ṣé ọmọ náà máa jogún ẹ̀ ni?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe ná, torí a máa ń sọ pé "bàbá lágbájá ní pròstéètì" bí ẹni pé orúkọ àìsàn ni. Gbogbo ọkùnrin ló ní pròstéètì o, bí wọ́n ṣe bí i ló ṣe ní in. Kókó kékeré kan ni, abẹ́ àpò ìtọ̀ ló wà, ojú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde ló sì gba àárín ẹ̀ kọjá bí okùn ṣe ń gba inú ìlẹ̀kẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé ó máa ń pèsè lára omi tó ń gbé àtọ̀ jáde. Lára ọ̀dọ́kùnrin, kì í ju nǹkan bíi 20 gíráàmù lọ. Tọ́jọ́ orí bá wá ń lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí wú, apá tó sì máa ń wú jù ni apá tó yí ojú ọ̀nà ìtọ̀ yẹn ká gan-an, ni ihò ìlẹ̀kẹ̀ á bá máa fún mọ́ okùn.

Ẹni tó ń ṣe mọ bó ṣe máa ń rí. Ó máa jí lóru lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, á dé tọ́ílẹ́ẹ̀tì, á fọwọ́ ti ògiri, á dúró títí, ìtọ̀ ò ní tètè wá, tó bá sì wá, tín-ín-rín lá máa wá, á dáwọ́ dúró, á tún bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó bá wọ ṣòkòtò ẹ̀ pa dà tán ni ìyókù máa wá kán sí i. Kó tó tún sùn dáadáa, ìtọ̀ á tún ti máa gbọ̀n ọ́n.

Jẹjẹrẹ kọ́ lèyí o, kì í sì í di jẹjẹrẹ. Ọkùnrin kan lè ní méjèèjì pa pọ̀ ṣá, ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń yẹ méjèèjì wò, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ lèyí ọ̀tọ̀ nìyẹn. 

Ó dáa, ogún ńkọ́? Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn máa ń bi ara wọn ni pé "ṣé bàbá mi ní in?" Lójú tèmi ìbéèrè yẹn ò tíì pé. Ìdí ni pé àwọn dókítà ti yẹ pròstéètì àwọn tó ti kú wò ní oríṣiríṣi ọjọ́ orí, àkójọ ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1984 sì fi hàn pé nínú àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 51 sí 60, bí ìdajì ni tiwọn ti bẹ̀rẹ̀ sí wú, àwọn tó sì ti lé ní 80, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Kì í ṣe gbogbo wọn ló yọ lẹ́nu o, ẹlòmíì ò tiẹ̀ mọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, tí ohun kan bá ń ṣe ẹni mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, kí la fẹ́ fi pé ó ṣe bàbá yín náà ṣe? Bàbá tó bẹ̀rẹ̀ sí ní in lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ọjọ́ orí ló ṣe é, kò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan nípa yín.

Ìbéèrè tó yẹ ká bi ni pé: ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n nígbà tó mú wọn?

Lọ́dún 1994 àwọn dókítà kan ní Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde, àwọn ọkùnrin tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún nítorí pròstéètì tó wú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 64 ni wọ́n mú, wọ́n wá lọ wo àwọn ẹbí wọn lọ́kùnrin. Wọ́n rí i pé ó ṣeé ṣe kí àwọn ẹbí yẹn náà dé orí iṣẹ́ abẹ kan náà ní ìlọ́po mẹ́rin ju àwọn yòókù lọ, tó bá wá jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí wọ́n jọ bí ni, ìlọ́po mẹ́fà. Ibi tó wá dùn mọ́ mi nínú jù nìyí: wọ́n ṣírò ẹ̀ pé nínú àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kí wọ́n tó pé ọgọ́ta ọdún, bí ìdajì ló jẹ́ pé ogún ìdílé ló fà á, àmọ́ nínú àwọn tó ti kọjá ọgọ́ta, nǹkan bíi 9 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni. Ẹ ò rí i bí nǹkan ṣe yàtọ̀ síra! Ẹ̀gbọ́n yín tó ṣe iṣẹ́ abẹ lẹ́ni ọdún 55 ni kẹ́ ẹ fọkàn sí, ju bàbá àgbà tó ṣe é lẹ́ni 82 lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé ṣé kì í ṣe pé wọ́n jọ ń jẹun nínú ìkòkò kan náà ni. Òótọ́ ni, ohun tí ìdílé jọ ń ṣe pọ̀. Ìyẹn ni àwọn onímọ̀ fi lọ bá àwọn ìbejì. Ìbejì tó jọra bí ìgbà téèyàn la obì, tó jẹ́ pé ẹyin kan ló pín sí méjì, jíìnì kan náà, ìyẹn ohun tí à ń jogún látọ̀dọ̀ òbí tó ń darí bí ara wa ṣe ń rí, ni wọ́n ní, àwọn tó wá láti inú ẹyin méjì kò ju bí ọmọ ìyá kan náà ṣe máa ń jọra lọ, bẹ́ẹ̀ inú ilé kan náà ni gbogbo wọn ti dàgbà. Wọ́n wá rí i pé tí pròstéètì bá ń yọ ọ̀kan lẹ́nu, láàárín àwọn ìbejì ẹyin kan ni èkejì ẹ̀ náà ti máa ń ní in jù. Kì í ṣe oúnjẹ nìkan nìyẹn.

Kí wá ni wọ́n ń jogún gan-an? Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀dọ̀ họ́mọ̀nù wọlé, ìyẹn ohun tí ara ń ṣe láti fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀yà ara. Testosterone, họ́mọ̀nù ọkùnrin tí kóró ẹpọ̀n ń ṣe, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú pròstéètì, ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń yí i pa dà sí èyí tó lágbára jù ú lọ, tí wọ́n ń pè ní DHT, òun ló ń sọ fún pròstéètì pé kó máa dàgbà. Jíìnì tó ń ṣe ohun tó ń yí i pa dà yẹn ń jẹ́ SRD5A2. Lọ́dún 1974 ni ìròyìn jáde nípa àwọn ìdílé kan lórílẹ̀-èdè Dominican Republic tí jíìnì yẹn ò ṣiṣẹ́ lára àwọn ọmọkùnrin wọn. Tí wọ́n bá bí wọn, ojú ara wọn máa jọ ti obìnrin débi pé wọ́n á máa tọ́ wọn bí ọmọbìnrin, àfìgbà tí wọ́n bá bàlágà tí ohùn wọn á kì, tí nǹkan ọmọkùnrin á sì jáde. Ohun táwọn dókítà ṣàkíyèsí nípa wọn ni pé bí wọ́n ṣe dàgbà tó, pròstéètì wọn kéré gan-an. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti jáde pé tí a bá lè fi oògùn dí ọ̀nà yẹn lára ẹlòmíì, ó lè dín wíwú kù, bí wọ́n ṣe ṣe finasteride nìyẹn, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1992 tí wọ́n sì ń lò títí dòní. Jíìnì tó bà jẹ́ lára àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ló di oògùn fáwọn bàbá káàkiri ayé, ó máa ń yà mí lẹ́nu ní gbogbo ìgbà.

Jíìnì míì tún wà tó ń ṣe ohun tó ń gba họ́mọ̀nù náà wọlé. Orí krómósóòmù X ló wà (krómósóòmù ni ohun bí okùn tí àwọn jíìnì tò sí), ẹ sì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń gba X, Y ni bàbá ń fún un. Nítorí náà ẹni tó bá ń wo ìdílé bàbá nìkan ti gbàgbé apá kan, ẹ béèrè nípa àwọn arákùnrin ìyá yín náà. Mi ò sọ pé jíìnì kan yìí ló ń fà á o, torí ìwádìí lórí ẹ̀ àti lórí SRD5A2 ò fẹnu kò, àwọn kan rí nǹkan, àwọn kan ò rí.

Ohun tó dá wa lójú jù báyìí ni pé kò sí jíìnì kan ṣoṣo tá a lè nà ní ìka sí. Lọ́dún 2018 ìwádìí ńlá kan tí wọ́n fi àwọn èèyàn Iceland àti Bìrìtìkó ṣe, tó kó àwọn aláìsàn tó lé ní 20,000 àtàwọn tí kò ní in tó lé ní 280,000 jọ, rí ìyàtọ̀ kéékèèké 23 tó ń dá kún un, ní ibi 14 láàárín àwọn jíìnì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kékeré lagbára ẹ̀, bíi kéèyàn máa da omi ṣíbí ṣíbí sínú korobá. Wọ́n tún rí i pé púpọ̀ nínú wọn tún kan PSA, ìyẹn ohun tí wọ́n ń wò nínú ẹ̀jẹ̀ tọ́rọ̀ bá kan pròstéètì. Ìyẹn ni pé PSA ẹlòmíì lè ga díẹ̀ nítorí bí wọ́n ṣe bí i, láìjẹ́ pé jẹjẹrẹ ni.

Jíìnì nìkan kọ́ ṣá. Ara tó sanra jù, ìtọ̀ ṣúgà, àìkìí rìn kiri, gbogbo ẹ̀ ló ń dá kún un, èyí sì ni apá tí ọwọ́ wa tó.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ rí dókítà, kò dìgbà tí ẹ bá ṣe tẹ́ẹ̀sì jíìnì kankan, wọn kì í lò ó fún ìtọ́jú èyí. Ohun tí ẹ máa gbé lọ ni ọjọ́ orí: ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ lẹ́ni báyìí, bàbá mi ṣe iṣẹ́ abẹ lẹ́ni báyìí, àbúrò màmá mi náà báyìí. Tẹ́ ẹ bá sì ti ń lo finasteride tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó ka PSA yín, torí tó bá ti tó bí oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, oògùn yẹn máa ń gé e sí bí ìdajì, nọ́ńbà tó kéré á wá máa tan dókítà jẹ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá ìtọ̀ ẹ̀ jáde, kó má pẹ́ kó tó lọ, ẹni tí ìtọ̀ bá wá há mọ́ inú pátápátá tí ikùn ẹ̀ ń le, lóru ọjọ́ náà ni kó lọ, kó má sọ pé ó di àárọ̀.