Aṣọ ọrùn ọkùnrin

Aṣọ ọrùn ọkùnrin ni gbogbo aṣọ tí ọkùnrin ń wé, ń so tàbí ń fi kọ́ ọrùn: síkáàfù, mọ́fúlà, táì, bó-táì àti aṣọ onígun mẹ́ta tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Síkáòtù ń so. Ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó ń mú ọkùnrin lò ó, òtútù àti oge. Ìtàn aṣọ náà fi ìdí kẹta kún un, ìyẹn iṣẹ́, nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tó di oge lónìí, ojú ogun tàbí ẹnu iṣẹ́ ló ti wá. Ọ̀nà tó rọrùn láti fi mọ èyí tó wà fún òtútù ni kí a wo ibi tí aṣọ náà fara kàn. Ti òtútù a máa lẹ̀ mọ́ awọ ọrùn. Ti oge a máa jókòó lórí kọ́là, tàbí kí ó máa fì ní àyà.

Bí ó ṣe ń dènà òtútù

Aṣọ fúnra rẹ̀ kò ní ooru. Afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ tí kò lè rìn ni kì í jẹ́ kí ooru ara tètè sá lọ. Ara ènìyàn ń mú afẹ́fẹ́ tó wà láàárín awọ àti ẹ̀wù gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná a sì máa gòkè. Bí ọkùnrin bá wọ kóòtù tó nípọn tí ó sì ṣí ọrùn sílẹ̀, ọrùn yẹn di ojú ihò tí èéfín ń gbà jáde: ooru gba ibẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ tútù sì wọlé dípò rẹ̀. Nítorí náà, síkáàfù kékeré tó dí ihò yìí dáadáa lè wúlò ju ẹ̀wù mìíràn tí a bá tún wọ̀ kún ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń lọ sí ọpọlọ tún gba ọrùn kọjá, wọn kò sì jìnnà sí awọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó gbilẹ̀ pé orí àti ọrùn ni èyí tó pọ̀ jù nínú ooru ara ń gbà jáde kò tọ̀nà. Ooru tí ibi kan tó ṣí sílẹ̀ ń pàdánù kò fi bẹ́ẹ̀ ju bí ibẹ̀ ṣe tóbi tó lọ.

Irun àgùntàn ni olórí nínú ohun tí wọ́n fi ń hun síkáàfù òtútù. Fọ́nrán rẹ̀ ká kò bíi sípíríǹgì, bí a tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ yóò tún wú padà, àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ ń há sí. Ó lè fa ọ̀rinrin tó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ mu kí ọwọ́ tó mọ̀ pé ó tutù, ó sì ń tú ooru díẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń fà á. Èyí ṣe pàtàkì gan-an ní ọrùn, nítorí pé ibẹ̀ ni òógùn àti èémí ti ń pàdé.

Ohun tó ń mú kí àwọn kan kọ irun àgùntàn ni pé ó ń yún wọn lọ́rùn. Ìnípọn fọ́nrán ló sábà máa ń fa èyí. Fọ́nrán tó bá nípọn ju nǹkan bí 30 máíkírọ́ọ̀nù lọ kì í tẹ̀ nígbà tó bá kan awọ, ńṣe ló ń gún un. (Máíkírọ́ọ̀nù 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan.) Irun àgùntàn mẹ̀rínò tẹ́ẹ́rẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Káṣímíà, irun múlọ́múlọ́ abẹ́ irun ewúrẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ti ilẹ̀ Kashmir wá, kì í sábà ju 19 máíkírọ́ọ̀nù lọ. Ṣẹ́dà, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní sílíìkì, dára lábẹ́ kóòtù, àmọ́ òun nìkan kò tó fún òtútù líle. Òwú lásán ń ṣiṣẹ́ bí ó bá gbẹ. Bí ó bá ti tutù, omi á gba ipò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, á sì máa fa ooru kúrò lára.

Bí a ṣe so ó náà ní ipa tirẹ̀. Síkáàfù tí a kàn gbé kọ́ ọrùn, tí etí rẹ̀ méjèèjì ń fì níwájú, fẹ́rẹ̀ẹ́ má dènà òtútù rárá. Bí a bá ṣẹ́ ẹ po sí méjì, tí a gbé e yí ọrùn ká, tí a sì ti etí méjèèjì bọ inú ojú ìṣẹ́po rẹ̀, iwájú ọrùn á dí pátápátá. Àwọn dókítà tún máa ń gba àwọn tó ní ásímà tàbí àìsàn ọkàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi síkáàfù bo imú àti ẹnu nínú òtútù, kí afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí sínú lè ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ogun àti iṣẹ́

Púpọ̀ nínú ère amọ̀ àwọn ọmọ ogun Qin Shi Huang, ọba ilẹ̀ Ṣáínà tó kú ní ọdún 210 ṣáájú ìbí Krístì, ló ní aṣọ lọ́rùn. Ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ wú wọn jáde nítòsí Xi'an. Àwọn ọmọ ogun Róòmù náà ní èyí tí wọ́n ń pè ní focale, ó sì hàn lára òpó olú ọba Trajan ní ìlú Róòmù, tí wọ́n parí ní ọdún 113 lẹ́yìn ìbí Krístì. Ó jọ pé kí irin ìhámọ́ra má baà bó ọrùn ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an.

Ní ọ̀rúndún 17, àwọn ọmọ ogun Croatia tó ń jà fún ilẹ̀ Faransé so aṣọ mọ́ ọrùn, àwọn ará Paris sì fẹ́ràn rẹ̀. Orúkọ wọn ni ọ̀rọ̀ Faransé náà cravate, tó túmọ̀ sí táì lónìí, ti jáde. Ìtàn tún sọ pé nígbà ogun Steenkerque, ní 3 Oṣù Kẹjọ 1692, àwọn ọ̀gágun Faransé kò ráyè so tiwọn dáadáa. Wọ́n kàn lọ́ ọ, wọ́n sì ki í bọ ihò bọ́tìnì. Ìkánjú yẹn di àrà tí àwọn ènìyàn ń dá lẹ́yìn náà.

Àwọn awakọ̀ òfurufú Ogun Àgbáyé Kìíní (1914–1918) lo síkáàfù ṣẹ́dà nínú ọkọ̀ tí kò ní òrùlé. Òtútù jẹ́ ìdí kan. Ìdí kejì ni pé wọ́n ń yí ọrùn láìdábọ̀ kí wọ́n lè rí ọ̀tá, kọ́là líle sì ń bó wọn lára. Láàárín àwọn Tuareg inú aṣálẹ̀ Sàhárà, ọkùnrin ló ń wé tagelmust, èyí tó lè gùn tó mítà mẹ́wàá, bo orí, ọrùn àti ojú. Ó ń dáàbò bo wọ́n lọ́wọ́ oòrùn àti iyanrìn, ó sì tún jẹ́ àmì pé ọmọkùnrin ti di géńdé.

Oge

George Brummell (1778–1840), tí London mọ̀ sí Beau Brummell, ló sọ aṣọ ọrùn funfun tí wọ́n fi sítáàṣì díẹ̀ sí di òṣùwọ̀n ìmúra ọkùnrin nígbà tirẹ̀. Táì gígùn ti òde òní gba ìrísí rẹ̀ ní New York ní àwọn ọdún 1920, nígbà tí Jesse Langsdorf bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ rẹ̀ ní ìdábùú, tó sì ń rán ègé mẹ́ta pọ̀, kí ó má baà máa lọ́ bí a bá so ó. Ní 1999, Thomas Fink àti Yong Mao ti Yunifásítì Cambridge ṣírò pé ọ̀nà 85 ni a lè gbà so táì. Síkáàfù àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù wà láàárín ti òtútù àti ti oge: ó ń móoru, ó sì ń sọ ẹgbẹ́ tí ẹni tó lò ó ń tì lẹ́yìn.

Ìlera àti ewu

Ìwádìí kan ní 2003 fi hàn pé táì tó fún ọrùn ń mú kí ìfúnpá inú ẹyinjú lọ sókè, èyí tó yẹ kí ẹni tó ní glaucoma, àìsàn ojú tó lè fọ́ni lójú, fiyè sí. Ìwádìí mìíràn láti Jámánì ní 2018 rí i pé ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ dín kù ní nǹkan bí 7.5% nígbà tí wọ́n so táì mọ́ ọrùn àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Ènìyàn 30 péré ló kópa nínú rẹ̀. Síkáàfù gígùn kò yẹ nítòsí ẹ̀rọ tó ń yí. Isadora Duncan, oníjó, kú ní Nice ní 1927 nígbà tí síkáàfù rẹ̀ wé mọ́ táyà ọkọ̀.

Ní 2005, ìjọba Japan bẹ̀rẹ̀ ètò Cool Biz. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ táì àti kóòtù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ọ́fíìsì sì fi ẹ̀rọ amúlétutù sí 28°C.