Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹnjiníà ní Olin College, Amẹ́ríkà: iṣẹ́ ló ń ṣáájú, ìwé ń sáré tẹ̀ lé e

Tí ẹ bá bi ọmọ tó ń kọ́ ẹnjiníà ní yunifásítì, ọdún kejì rè é tó ti wọlé, pé kí ló ti fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, ọ̀pọ̀ ò ní rí nǹkan tọ́ka sí. Ìṣirò ni, físíìsì ni, ìṣirò tún ni. Ọdún tó fẹ́ jáde ni wọ́n tó máa sọ fún un pé ó yá, wá ṣe prọ́jẹ́ẹ̀tì.

Kì í ṣe pé ẹnì kan dìídì ro ibi sí wọn o. Ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé lágbàáyé ń wò ṣe àwòkọ́ṣe, inú wọ́kúṣọ́ọ̀bù gan-an ni wọ́n ti máa ń kọ́ ẹnjiníà tẹ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, wọ́n rí i pé àwọn onífísíìsì ló pọ̀ jù nídìí rédà àti bọ́ǹbù átọ́míìkì, ni wọ́n bá ní ó yẹ kí ẹnjiníà mọ sáyẹ́ǹsì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1955 ni ìgbìmọ̀ tí L. E. Grinter darí kọ àbọ̀ jáde lórí ẹ̀, látìgbà yẹn ni sáyẹ́ǹsì ti ń gba àyè, tí fífọwọ́ṣe ń sún sẹ́yìn. Ohun tó wá bá a lọ ni pé ìbéèrè ìdánwò máa ń kó gbogbo nọ́ńbà tí ọmọ nílò wá bá a, ìdáhùn ẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Níta ńkọ́? Kò sẹ́ni tó máa kó nọ́ńbà fún èèyàn níta, ẹnjiníà ló máa wá a, òun náà ló máa kọ́kọ́ mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi, àti ta ló ń ṣe é fún.

Ibi tí Olin College ti yàtọ̀ nìyẹn. Ọdún 1997 ni F. W. Olin Foundation, àjọ àánú kan, kéde pé àwọn máa náwó tó tó 200 mílíọ̀nù dọ́là láti dá ilé ìwé ẹnjiníà tuntun sílẹ̀ ní Needham, nítòsí Boston. Wọ́n gba Richard Miller bí ààrẹ ní 1999, àmọ́ wọn ò kánjú ṣí kíláàsì. Ní 2001 wọ́n kó ọmọ 30 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdírì wá, ọkùnrin 15, obìnrin 15, kí wọ́n jọ fi odindi ọdún kan dán ìlànà ẹ̀kọ́ wò pẹ̀lú àwọn olùkọ́. Ọdún 2002 ni kíláàsì gidi tó bẹ̀rẹ̀.

Ọdún ìdánwò yẹn ni wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní ọ̀sẹ̀ 5 pé kí wọ́n lọ ṣe pulse oximeter, ẹ̀rọ kékeré tí nọ́ọ̀sì máa ń fi há èèyàn níka láti mọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Iná pupa kan àti infrared tí ojú ò lè rí ló ń tàn gba inú ìka kọjá. Ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn kún inú ẹ̀ máa ń jẹ́ kí iná pupa kọjá dáadáa àmọ́ á gbé infrared mì, èyí tí ọ́síjìn ẹ̀ kéré á ṣe òdìkejì, ẹ̀rọ á wá fi ìkan wé ìkejì, ibẹ̀ ló ti máa ṣírò iye ẹ̀. Àwọn ọmọ yìí ò tíì kọ́ ẹ̀kọ́ sákíìtì kankan ní yunifásítì, àwọn olùkọ́ gan-an rò pé kò ní ṣeé ṣe fún wọn. Wọ́n lọ ka ìwé pátẹ́ǹtì ẹ̀, ìyẹn ìwé tí ẹni tó hùmọ̀ nǹkan fi ń gba ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀, wọ́n ń ṣe é wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n sì ṣe èyí tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n fi wé ti ọsibítù. Ohun tó dùn mọ́ni níbẹ̀ ni pé wọn ò fo sáyẹ́ǹsì, wọ́n lọ wá a fúnra wọn nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn ń béèrè fún un.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wá to gbogbo ẹ̀ títí dòní. Sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ ni ọmọ á ti bẹ̀rẹ̀ Design Nature, á wo bí kòkòrò ṣe ń fò sókè láti ilẹ̀, á fi ṣe nǹkan ìṣeré tó ń fò sókè bẹ́ẹ̀. Tó bá yá wọ́n á rán wọn lọ bá irú àwọn èèyàn kan, wọ́n á jókòó tì wọ́n, wọ́n á gbọ́ tẹnu wọn kí wọ́n tó ya nǹkankan sórí ìwé, èyí lèmi kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo ẹ̀, torí ẹni tí ò gbọ́ tẹnu ẹlòmíì kò lè darí ẹnikẹ́ni. Ọdún tó kẹ́yìn ni SCOPE, ilé iṣẹ́ á sanwó, á gbé ìṣòro tiẹ̀ sílẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ bíi márùn-ún á fi odindi ọdún yanjú ẹ̀. Inú ẹgbẹ́ báyìí ni ìdarí ti ń wá, kò sí lẹ́kíṣọ̀ kan tí wọ́n ti ń ka ìtumọ̀ ẹ̀ sórí. Kódà kí wọ́n tó gba ọmọ wọlé, wọ́n á kọ́kọ́ pè é wá ní wíkẹ́ǹdì kan kóun àtàwọn tí ò mọ̀ rí jọ kọ́ nǹkan, wọ́n á máa wò ó bó ṣe ń bá wọn lò.

Kò sí dìpátímẹ́ǹtì níbẹ̀. Dìpátímẹ́ǹtì ló máa ń di kọ́ọ̀sì tiẹ̀ mú tí àyípadà ò fi ní ráyè wọlé. Àwọn olùkọ́ náà, kọ́ńtíráàtì tí wọ́n ń tún ṣe ni, kò sẹ́ni tíṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ títí ayé.

Owó ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni owó ilé ìwé níbẹ̀rẹ̀ fún gbogbo wọn, lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé dojú dé ní 2008, ìdajì ló wá di ọ̀fẹ́. Ọmọ ibẹ̀ ò sì pọ̀, bíi 400 péré ni, ìyẹn làwọn èèyàn ṣe ń sọ pé kò lè ṣeé ṣe níbi tí ọmọ bá pọ̀. Yunifásítì Illinois, tí ọmọ ẹnjiníà ibẹ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, bá Olin ṣe àdéhùn, David Goldberg, olùkọ́ ní Illinois, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iFoundry, ètò tí wọ́n fi ń dán irú ẹ̀kọ́ yìí wò, níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọdún kìíní díẹ̀, wọn ò wó ilé tó wà nílẹ̀, igun kan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ nìkan kọ́ ló ń le níbi irú iṣẹ́ yìí, olùkọ́ gan-an ni. Ẹni tó ti ń fi ogún ọdún ṣe lẹ́kíṣọ̀ tó mọ ìdáhùn ẹ̀ látòkè délẹ̀, ẹ wá ní kó dúró níwájú ọmọ 20 pẹ̀lú ìbéèrè tóun náà ò mọ ibi tó máa já sí, kó sì jẹ́ kí wọ́n ṣì í kí wọ́n tó rí i.