Ìjánu Yín Lè Dára Kó Má Bófin Mu

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbé ìjánu dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkèsà, ní Iléṣà níbí. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn bi mí: “Bàbá, ṣé wọ́n á gbà á níbi ìdíje?” Ìdíje wo? “Ìdíje ẹṣin ṣá ni, Bàbá.” Ẹ gbọ́ nǹkan! Ṣé ẹ̀yin náà máa ń dé ọ̀dọ̀ télọ̀ kẹ́ ẹ ní kó ṣáà rán aṣọ?

Bí wọ́n ṣe ń di ọ̀já gàárì, kí ẹni tó ta ẹṣin fún yín kọ́ yín. Ti òfin ni mo fẹ́ sọ. Àjọ FEI tó ń darí eré ẹṣin lágbàáyé láti Lausanne ní Switzerland ló ń ṣe é, òfin eré kan kì í sì í ṣe òfin èkejì. Martingale, ìyẹn awọ tí kì í jẹ́ kí ẹṣin gbé orí sókè jù, tí wọ́n gbà fún ẹṣin tó ń fo odi, ẹ dè é wọ pápá dressage, eré tí ẹṣin ti ń fi ìgbésẹ̀ dárà, kẹ́ ẹ wò ó bí wọn ò ní lé yín jáde. Pàṣán tí kò ju 75 sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹ lè mú un lọ fo odi. Ní dressage, ìta ni kẹ́ ẹ fi í sí. Ìjánu tòkúnbọ̀ tí ọlọ́jà ń búra pé wọ́n ń lò lókè òkun, òótọ́ ló sọ: polo ni wọ́n ń fi í gbá. FEI TackApp wà lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni, àwòrán ló fi ń ṣàlàyé èyí tí wọ́n gbà fún eré kọ̀ọ̀kan. Fóònù tẹ́ ẹ fi ń wo bọ́ọ̀lù náà ni.

Ṣùgbọ́n awọ imú, èyí tẹ́ ẹ ń dè yí imú ẹṣin ká! Òun gan-an ló ń gbé mi nínú. Ẹ ó fà á títí ẹnu ẹṣin ò fi ní lè là, ẹ ó wá ní ẹṣin yín gbọ́ràn. Àtijọ́, ìka méjì la fi ń wọ̀n ọ́n. Ìka ta ni? Tèmi tó ti ń gún awọ láti kékeré, àbí ti ọmọge tó kun èékánná? Ìdí nìyẹn tí FEI fi gbé irinṣẹ́ ìwọ̀n jáde lọ́dún 2025. Orí egungun imú, níwájú gan-an, ni wọ́n ti ń kì í bọ abẹ́ awọ. Ẹ máa ń ki ìka bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, níbi tó rọ̀, ẹ ó ní ó ti gbà. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa gbà bẹ́ẹ̀ bí ẹ tiẹ̀ fún ẹṣin pa.

Ìyẹn ló rán mi létí ọmọkùnrin kan tó gbé ìjánu wá láti Ifẹ̀. Ẹṣin rẹ̀ ń mirí ṣáá, ó lọ bá aláàfáà, aláàfáà ní ayé ló ń dà á láàmú, ó sì gba owó tó tó ra ìjánu tuntun. Mo gbé awọ imú yẹn lọ́wọ́, apá kan wúwo ju èkejì lọ. Mo tú ojú rírán rẹ̀. Ońdè kan ló wà nínú, ó le bí èkùrọ́, irun ẹṣin lẹ̀ mọ́ ibi tó ti ń tẹ̀ ẹ́ lórí egungun, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ sì wà níbẹ̀. Ẹ̀mí àìrí wo lẹ tún ń wá?

Mo fi awọ tuntun rọ́pò rẹ̀, mo rán an fẹ̀ẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ méjì, òwú tí mo fi ìda pa. Kò sẹ́ni tó máa ń rán an bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ibí títí dé Ọ̀ṣogbo. Ọmọkùnrin yìí wò ó, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ońdè yẹn ńkọ́, ṣé ẹ ò ní dá a padà sínú ẹ̀ ni?” Mo ní kó so ó mọ́ imú ara rẹ̀ kó sùn mọ́jú.

Ó bínú jáde, ó gbé ìjánu lọ, kò sì san kọ́bọ̀. Ọmọ Òṣómàáló sì ni mí o.