Tíìmù tó bá gba orúkọ ńlá ló jèrè trade? Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa

Ṣọ́ọ̀bù bábà tí mo ti ń gẹrun, tẹlifíṣàn kan wà ńbẹ̀ tí kì í sinmi, bí ò bá jẹ́ Premier League á jẹ́ highlight NBA, líìgì básíkẹ́tì Amẹ́ríkà, ti alẹ́ àná, torí géèmù gan-an fúnra ẹ̀, ọ̀gànjọ́ òru ló ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa níbí, ti àwọn ará California tiẹ̀ lè di aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, ta ló fẹ́ jí fún ìyẹn. Lọ́sẹ̀ tí Dallas lé Nico Harrison, ọ̀gá tó ń bá wọn ṣètò player, lẹ́nu iṣẹ́ ní November 2025, wọ́n bá tún hú ọ̀rọ̀ Luka Doncic, ìràwọ̀ wọn, síta, bí ọ̀gbẹ́ni yẹn ṣe gbé e fún Lakers, tó fi gba Anthony Davis, pàṣípààrọ̀ player tí wọ́n ń pè ní trade. Bọ̀ọ̀dá tó ń bá mi gẹrun dá clipper dúró, ó ní, "Àbúrò, gbọ́ o, ọ̀rọ̀ trade ò le rárá. Wo ẹni méjèèjì. Èwo ló ń ju pọ́íǹtì jù? Tíìmù tó bá ti fi ìyẹn sílẹ̀, wọ́n ti rẹ́ wọn jẹ, ó parí." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ò lè jiyàn lọ títí, ìdajì orí mi ló ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Mo rò pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló kọ́ wa báyìí. Níbẹ̀, Chelsea á kówó kalẹ̀, wọ́n á mú player wọn lọ, ẹni tó tà á á ká owó ẹ̀ sápò. Ohun tó kù fún ìwọ òǹwòran ni kó o bi ara ẹ pé ṣé ẹni yẹn tó owó yẹn. NBA yàtọ̀. Èèyàn ni wọ́n fi ń gba èèyàn, tàbí kí wọ́n fi pick kún un, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti mú nínú àwọn ọmọ tuntun tó ń bọ̀ ní draft. Sàlárì sì tún wà ńbẹ̀ tó ń dojú gbogbo ẹ̀ rú: iye tí tíìmù lè ná lórí sàlárì ní òdiwọ̀n, tíìmù tó bá sì ti kọjá òdiwọ̀n yẹn, sàlárì tó fẹ́ gbà wọlé gbọ́dọ̀ sún mọ́ èyí tó ń kó jáde. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní 2023 tún wá fún un mọ́ àwọn tó ń náwó jù lọ́rùn, wọn ò tiẹ̀ lè pa sàlárì player méjì pọ̀ láti fi gba ẹnì kan mọ́. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí orúkọ tẹ́ ẹ ò gbọ́ rí nínú trade ńlá, tẹ́ ẹ máa ń ní kí lèyí wá ń ṣe níbẹ̀. Sàlárì ẹ̀ ló wá ṣe níbẹ̀ jàre. Player fúnra ẹ̀ ò sì lẹ́nu ọ̀rọ̀, àfi àwọn díẹ̀ tí kọntráàkì wọn sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé wọn láìjẹ́ pé wọ́n gbà, bíi Bradley Beal nígbà tó kúrò ní Washington lọ Phoenix ní 2023.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sí Oakland, ọdún 2012, torí ibẹ̀ ni mo ti máa ń fa ẹ̀rí mi yọ.

Golden State, tíìmù Oakland ìgbà yẹn, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ mọ̀ yìí. Láti 1994, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n dé playoffs, ìdíje ìparí sáà tí wọ́n fi ń wá ẹni tó máa gba ife, 2007 nìyẹn. Ẹni kan ṣoṣo tí àwọn èèyàn ń torí ẹ̀ san owó géètì ni Monta Ellis, gáàdì (ẹni tó sábà máa ń gbé bọ́ọ̀lù wá síwájú) kékeré kan tó yára bí ológbò, ó ju pọ́íǹtì 25.5 nínú géèmù kọ̀ọ̀kan ní sáà 2009-10, ó tún ju 24.1 ní sáà tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni ọmọ kan tí wọ́n ń pè ní Stephen Curry wà, ẹni keje tí wọ́n mú ní draft 2009. Ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ yìí ń dà á láàmú débi pé nínú géèmù 66 tó wà ní sáà 2011-12, 26 ló gbá. Ẹ wò ó o, ká ní ẹ̀yin lẹ ni tíìmù yìí, ta lẹ máa mú kúrò nínú àwọn méjèèjì?

Wọ́n gbé Monta lọ. March 13, 2012, Monta, Ekpe Udoh tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, àti Kwame Brown lọ sí Milwaukee, Andrew Bogut àti Stephen Jackson ló wá sí Golden State. Bogut yìí, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kán láti January, kò ní gbá bọ́ọ̀lù kankan mọ́ ní sáà yẹn. Ẹni tó ń ju pọ́íǹtì jù ló lọ, ẹni tó ń tiro ló dé. Bí Bọ̀ọ̀dá bábà bá wà ní Oakland lọ́jọ́ yẹn, clipper á já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé jẹ́sì Chris Mullin, player wọn àtijọ́, kọ́ sókè ní Oracle Arena, pápá wọn, láti fi bu ọlá fún un. Ayẹyẹ ni o, kì í ṣe ìpàdé ìjà. Joe Lacob, ẹni tó ni tíìmù, jáde láàárín pápá pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀, àwọn èrò bá hó lé e lórí, wọ́n hó, wọ́n ò dákẹ́, ọkùnrin náà dúró tòun ti máìkì lọ́wọ́, ó ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá. Mullin fúnra ẹ̀ wá dúró tì í láti bẹ àwọn èèyàn, wọ́n tún hó. Rick Barry, àgbà tíìmù yẹn tó gba ife fún wọn ní 1975, gba máìkì, ó ń bá wọn wí bí ìgbà tí bàbá ń bá ọmọ wí lójú àlejò, ìyẹn náà ò mú wọn panu mọ́. Ẹ lè rí fídíò ẹ̀ wò, ó ń tini lójú.

Mi ò bú wọn o. Gbogbo ohun tí ojú wọn rí nìyẹn: Monta ti lọ, Bogut ò lè rìn dáadáa. Ohun tí wọn ò rí ni àwọn nǹkan tó wà lábẹ́ ẹ̀. Àkọ́kọ́, Stephen Jackson ò tíì tú ẹrù ẹ̀ tí wọ́n tún fi gbé e fún San Antonio, ọjọ́ méjì péré, pick kan wà nínú ohun tí wọ́n rí gbà níbẹ̀, pick yẹn ló di ipò 30, òun ni wọ́n fi mú Festus Ezeli, ọmọ tí wọ́n bí ní Benin City. Ìkejì, Golden State jẹ Utah ní gbèsè pick ọdún yẹn, àdéhùn sì ni pé bó bá bọ́ sí ipò 1 sí 7, ọwọ́ Golden State ló máa wà, bó bá ti kọjá 7, ti Utah ni. Bí Monta ṣe lọ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù géèmù lé géèmù, wọ́n parí sáà pẹ̀lú géèmù 23 tí wọ́n jẹ àti 43 tí wọ́n pàdánù, òun náà ni Toronto ní, owó ẹyọ ni wọ́n jù sókè láti mọ ẹni tó máa wà lókè, Golden State jẹ. Ipò 7. Harrison Barnes ni wọ́n fi mú. Barnes yẹn wà nínú àwọn márùn-ún tó ń bẹ̀rẹ̀ géèmù nígbà tí wọ́n gba ife ní 2015, Bogut náà wà ńbẹ̀, Ezeli ń jókòó de Bogut.

Èyí tó tiẹ̀ wá wọ̀ mí lára jù ò sí nínú orúkọ àwọn tó wá tàbí àwọn tó lọ. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló wà nínú pápá. Monta fúnra ẹ̀ ti sọ ọ́ kí sáà 2009 tó bẹ̀rẹ̀ pé òun àti ọmọ tuntun yìí ò lè jọ gbá a, pé àwọn méjèèjì ti kéré jù. Wọ́n bínú sí i nígbà yẹn, pé ìlara ni, àmọ́ òótọ́ ló sọ. Gáàdì méjì tó kéré, bí àwọn ọkùnrin ńlá bá kọjú sí wọn, ta ló fẹ́ dá wọn dúró? Bí a bá tún dé iwájú, àwọn méjèèjì fẹ́ di bọ́ọ̀lù mú, kí wọ́n lù ú mọ́lẹ̀, kí wọ́n máa wá ihò tí wọ́n máa gbà kọjá. Ìgbà tí Monta lọ ni bọ́ọ̀lù tó wá bọ́ sọ́wọ́ Curry pátápátá, Klay Thompson tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sì bọ́ sí ipò tó ṣófo.

Bọ̀ọ̀dá ní òun mọ ìyẹn, pé àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. Mo ní ẹ ṣé, ṣùgbọ́n Curry àti Klay, ṣé àgbò méjì kọ́ nìyẹn? Wọ́n jọ mu ún, wọ́n gba ife mẹ́rin. Ohun tó fà á ni pé Klay ò bá ẹnikẹ́ni du koto. December 5, 2016, ó ju pọ́íǹtì 60 lé Indiana lórí láàárín ìṣẹ́jú 29, kò sì lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ ju ìgbà 11 lọ nínú gbogbo ẹ̀. Mọ́kànlá! Ọmọ iléèwé lù ú jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé. Á máa sáré yípo láìsí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, wọ́n á jù ú sí i, ó ti lọ sínú àwọ̀n. Nítorí náà ìbéèrè gáàdì méjì kì í ṣe pé ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n gbá, ìbéèrè ibẹ̀ ni pé bí bọ́ọ̀lù ò bá sí lọ́wọ́ ẹnì kan nínú wọn, kí ló ń ṣe?

Sacramento náà kó sínú irú ẹ̀ ní February 2022. De'Aaron Fox àti Tyrese Haliburton, gáàdì méjì tí ọwọ́ méjèèjì ń wá bọ́ọ̀lù, wọ́n bá gbé Haliburton tó jẹ́ ọmọdé, tí sàlárì ẹ̀ ò sì tíì wọ́n, lọ sí Indiana pẹ̀lú Buddy Hield, wọ́n fi gba Domantas Sabonis. Àwọn èèyàn fi wọ́n ṣẹlẹ́yà títí, èmi náà wà ńbẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lábẹ́ kóòṣì Mike Brown (òun ló kó D'Tigers wa lọ na Amẹ́ríkà 90-87 ní Las Vegas ní 2021, ẹ ò gbàgbé), Sacramento dé playoffs lẹ́yìn ọdún 16 tí wọn ò débẹ̀, Sabonis ló gba rebound (bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù tí kò wọlé) jù ní gbogbo NBA, Fox gba àmì ẹ̀yẹ ẹni tó mọ ìparí géèmù gbá jù. Indiana ńkọ́? Haliburton ló fún àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní bọ́ọ̀lù jù nínú NBA ní 2023-24, ó sì gbé wọn dé Finals, àṣekágbá NBA, ní 2025, wọn ò débẹ̀ láti 2000. Ta ló wá rẹ́ ta jẹ? Tíìmù méjèèjì rí gáàdì kan tó ni bọ́ọ̀lù. Bí Sacramento ṣe wá ba tiwọn jẹ́ lẹ́yìn náà, tí wọ́n lé Brown, tí wọ́n tún gbé Fox lọ San Antonio, ọ̀rọ̀ ọjọ́ míì nìyẹn.

Nígbà tí mo parí gbogbo àlàyé yìí, Bọ̀ọ̀dá ní, "Ó dáa, Luka wá ńkọ́? Ṣé Dallas náà jèrè?" Rárá o, mi ò lè gbè wọ́n. Wọ́n dé Finals ní 2024, February tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé ẹni tó gbé wọn débẹ̀ lọ, wọ́n gba Anthony Davis, Max Christie àti pick kan péré. Davis ṣèṣe nínú géèmù àkọ́kọ́ ẹ̀. Davis kì í sì í ṣe ọmọdé nínú bọ́ọ̀lù, èèyàn ńlá ni, àmọ́ iṣẹ́ Luka kọ́ ló ń ṣe. Gbogbo ohun tí Dallas ń ṣe, ọwọ́ Luka ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Kyrie Irving ló kù tó lè di bọ́ọ̀lù mú, orúnkún tiẹ̀ náà bá já ní March. Wọ́n wá jẹ lọ́tìrì tí wọ́n fi ń mọ tíìmù tó máa kọ́kọ́ mú ní draft, àǹfààní ìdá 1.8 péré nínú 100 ni wọ́n ní, wọ́n fi mú Cooper Flagg, ọmọkùnrin gíga kan, forward ni, ìyẹn ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ kì í ṣe láti gbé bọ́ọ̀lù wá síwájú, ọmọ ọdún 18. Nígbà tí sáà 2025-26 bẹ̀rẹ̀, ṣẹ́ ẹ mọ ibi tí kóòṣì wọn, Jason Kidd, fi ọmọ yìí sí? Point guard, gáàdì tó ń di bọ́ọ̀lù mú tó ń pín in.

"Ṣé o ò rí i," Bọ̀ọ̀dá ní, "orúkọ ńlá ni wọ́n gbé sọnù."

Mo ní rárá sà, ẹni tó ń di bọ́ọ̀lù mú ni wọ́n gbé sọnù, tí wọn ò sì ní ẹlòmíì nílé. Ó wò mí nínú dígí fúngbà díẹ̀, ó ní kí n tẹ orí sílẹ̀, ó tan clipper padà.