Ó parun, àbí ó parun nínú igbó?

Ẹni tó bá ń ka ìròyìn nípa ẹranko á ti rí ọ̀rọ̀ méjèèjì: "ó parun" àti "ó parun nínú igbó". Èkíní ni pé kò ku ẹyọ kan láyé. Èkejì ni pé èyí tó kù ò sí nílé rẹ̀ mọ́; inú àgò ló wà, èèyàn ló ń bọ́ ọ.

Ẹ wo ẹyẹ méjì tó jẹ́ ẹbí kan náà, ìdílé tí wọ́n ń pè ní rail. Àwọn baba ńlá wọn fò dé erékùṣù, wọn ò bá ológbò, wọn ò bá eku. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi apá ṣe? Díẹ̀díẹ̀ ni apá kéré, tí ẹsẹ̀ sì le, wọ́n wá ń yé ẹyin sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ti Wake, erékùṣù bíńtín láàárín Òkun Pàsífíìkì, kò lè fò rárá. Japan gba ibẹ̀ lọ́wọ́ Amẹ́ríkà ní December 1941. Nígbà tó yá, ọkọ̀ oúnjẹ ò ríbi wọlé mọ́, ebi sì dé bá àwọn sójà. Ẹyẹ tó ń fẹsẹ̀ rìn níwájú ẹni tí ebi ń pa, ẹ mọ ibi tó máa já sí. Nígbà tí ogun parí ní 1945, kò sí ẹyọ kan mọ́. Kò sì sẹ́ni tó ti kó díẹ̀ pamọ́ síbòmíràn.

Ti Guam, erékùṣù mìíràn ní Òkun Pàsífíìkì, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ń pè ní ko'ko', ejò ló ṣe é. Ejò kan tó máa ń gun igi lóru bá ẹrù ológun wọlé lẹ́yìn ogun, ó ń jẹ ẹyin, ó ń jẹ òròmọ. Ní nǹkan bí 1980 sí ìwájú, wọ́n sáré mú bí ogún tó kù, wọ́n ń sìn wọ́n. Àwọn ọmọ wọn ni wọ́n tú sílẹ̀ sí erékùṣù Rota àti Cocos. Ní 2019, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń sọ irú ẹranko tó wà nínú ewu, yọ ọ́ kúrò nínú "ó parun nínú igbó", ó gbé e sí "ó wà nínú ewu gan-an". Ìgbéga nìyẹn o! Kóńdọ̀ California nìkan ló ṣe irú rẹ̀ ṣáájú nínú ẹyẹ.

Kíkó pamọ́ nìkan ò tó ṣá. Wọ́n kó rail ti erékùṣù Laysan lọ sí erékùṣù Midway. Eku bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1943, nígbà tó fi di 1944, ó tán.

Ní Guam fúnra rẹ̀, ejò ṣì wà nínú igbó. Inú àgò ni ko'ko' wà níbẹ̀.