Kí Ló Dé Tí Agbábọ́ọ̀lù Zaire Fi Gbá Bọ́ọ̀lù Brazil Dànù Ní 1974?

Ìbéèrè: Nínú fídíò àtijọ́ kan láti Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, àwọn Brazil fẹ́ gbá fíríkíìkì, àwọn agbábọ́ọ̀lù Zaire (orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní DR Congo lónìí) sì tò bí ògiri níwájú ilé wọn. Rẹfirí fọn fèrè, ni ọ̀kan nínú wọn bá sáré já jáde, tó sì gbá bọ́ọ̀lù ọlọ́bọ́ọ̀lù jìnnà réré. Ṣé kò mọ òfin ni?

Ìdáhùn: Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Mwepu Ilunga ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀yìn ló ń gbá, ọjọ́ náà sì jẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1974, ní Gelsenkirchen ní Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì. Oṣù mẹ́ta péré ṣáájú ni Zaire gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Íjíbítì, níbi tí Ndaye Mulamba ti gbá bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án sáwọ̀n, iye tí ẹnikẹ́ni kò tíì bá nínú ìdíje náà láti ìgbà yẹn. Àwọn ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ láti gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà tó dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Ẹni tí kò mọ òfin kò lè débẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló wá ṣẹlẹ̀?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ owó ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Skọ́tlándì na Zaire ní 2-0, èyí tí kì í ṣe ìtìjú rárá. Ṣùgbọ́n kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì tó bẹ̀rẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù gbọ́ pé owó tí wọ́n ṣèlérí fún wọn kò ní tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, díẹ̀ ló sì kù kí wọ́n kọ̀ láti wọ pápá. Wọ́n wọ̀ ọ́ tìbínú-tìbínú, Yugoslavia sì fi 9-0 lù wọ́n. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Blagoje Vidinić, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Yugoslavia, yọ aṣọ́lé wọn, Kazadi, lẹ́yìn ayò kẹta. Ẹ lè fojú inú wo ohun tí àwọn ènìyàn sọ. Gẹ́gẹ́ bí Ilunga ṣe sọ ọ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ẹ̀ṣọ́ Ààrẹ Mobutu Sese Seko wá bá wọn, wọ́n sì kìlọ̀ fún wọn pé bí ayò Brazil bá fi lé ní mẹ́ta, kí wọ́n má ṣe padà wálé. Bẹ́ẹ̀ ayò mẹ́ta gan-an ni Brazil nílò kí wọ́n lè borí Skọ́tlándì sí ìpele tó kàn.

Ìbéèrè: Ìbẹ̀rù nìkan ló mú un ṣe é?

Ìdáhùn: Ilunga tún sọ nígbà mìíràn pé ìbínú ni, pé òun kò rí ìdí tí òun yóò fi máa fara pa nígbà tí àwọn tí yóò jẹ owó náà jókòó sókè tí wọ́n ń wòran. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ta kora, nítorí ẹni tí wọ́n jẹ lówó tí wọ́n tún halẹ̀ mọ́ lè bẹ̀rù kí ó sì bínú lẹ́ẹ̀kan náà. Yẹ́lò káàdì ni rẹfirí fún un, Brazil sì borí ní 3-0 géérégé.

Ìbéèrè: Ǹjẹ́ wọ́n padà rí owó náà jẹ?

Ìdáhùn: Ẹ wo Ndaye. Ní 1994, wọ́n bu ọlá fún un níbi Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Tùnísíà. Nígbà tó padà sílé, àwọn adigunjalè yìnbọn sí i lẹ́sẹ̀, nítorí wọ́n rò pé irú gbajúmọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ti lówó nílé.