Ó kónẹ́ẹ̀tì o, àmọ́ ṣé ó gbọ́ ẹnà?

Ọjọ́ Sọ́ńdè kan ni àbúrò mi obìnrin pè mí láti Kàbà, bó ṣe ní "Okun o, ẹ̀gbọ́n mi" báyìí ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ń dùn ún. Ẹ̀gbọ́n wa kan ló fi airpod olówó ńlá ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun, ó sì ti fi yangàn káàkiri. Ó ní òun pàdé ìyá kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, òun yọ ọ́ létí kí òun lè kí wọn dáadáa, òun jù ú sínú báàgì, òun ti rò pé orin á dúró fúnra ẹ̀ bó ṣe máa ń dúró fún ọ̀rẹ́ òun tó ní irú ẹ̀, àṣé orin ń lọ ní tiẹ̀ nínú báàgì, ìgbà tí wọ́n fi máa ṣe oore-ọ̀fẹ́ bàtírì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún ẹ̀gbọ́n wa. Mo ní kò sí ayédèrú kankan ńbẹ̀, ilé kan náà ló bí airpod yẹn àti fóònù ọ̀rẹ́ ẹ, fóònù tìẹ wá láti ilé ibòmíì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Airpod tí mò ń pè yìí, gbogbo èyí tí kò ní wáyà ni o, bí a ṣe ń pe gbogbo nudulu ní Indomie náà ni. Tó bá jẹ́ ti Apple gangan, màá kọ ọ́ ní AirPods.

Ẹ wo ọjà Kàbà. Owé wà níbẹ̀, Ìjùmú wá, Bùnú wá, Yàgbà wá, kálukú pẹ̀lú bó ṣe ń sọ tiẹ̀, a ṣì ń ná iṣu lọ́wọ́ ara wa torí èyí tí gbogbo wa jọ gbọ́ wà níbẹ̀. Bluetooth nìyẹn fún àwọn ẹ̀rọ. Iléeṣẹ́ Ericsson ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Swídìn ní 1994, nígbà tó di 1998 òun, IBM, Intel, Nokia àti Toshiba wá kó ara wọn jọ kí ẹ̀rọ gbogbo lè máa sọ èdè kan, wọ́n sì fi orúkọ ọba Dẹ́nmárkì ayé àtijọ́ kan, Harald Bluetooth, pè é. Orin gbígbọ́, ìpè gbígbà, kéèyàn fọwọ́ kàn án kí orin dúró tàbí kó fò sí èyí tó kàn, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú èdè àjọsọ yẹn. Ìdí nìyẹn tí èyí tí wọ́n ń kiri ní gáréèjì Lọ́kọ́ja fi ń bá fóònù tí ẹ bá gbé wá ṣiṣẹ́.

Àmọ́ ẹ mọ bí àwọn ọmọ ilé ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹnà bí àlejò bá wọlé, tí àlejò á kàn jókòó máa rẹ́rìn-ín. Ohun tí àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí ń ṣe lórí Bluetooth nìyẹn. Nígbà tí Apple gbé AirPods àkọ́kọ́ jáde ní December 2016, chip kan wà nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ W1, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé tí ẹ bá kàn ṣí páálí ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iPhone, iPhone á ti rí i, á gbé àwòrán ẹ̀ síta, á sọ bàtírì tó kù, tí ẹ bá ti sọ pé ó dáa lórí iPhone, iPad yín náà ti mọ̀ ọ́n. H1 tẹ̀lé e ní 2019, H2 náà dé ní 2022. Ẹ gbé e dé Android, ìyẹn àwọn fóònù bíi Samsung àti Tecno tí kì í ṣe ti Apple, á kónẹ́ẹ̀tì, orin á dún dáadáa, AirPods Pro á ṣì máa dí ariwo tí ẹ bá di ọ̀pá ẹ̀ mú, àmọ́ orin ò ní dúró fúnra ẹ̀ tí ẹ bá yọ ọ́, Siri tí èèyàn máa ń fẹnu rán níṣẹ́ lórí iPhone ò sí, tí iléeṣẹ́ bá sì tún nǹkan ṣe nínú ẹ̀ láti òkè, àfi kí ẹ yá iPhone, iPad tàbí Mac ẹnì kan kó tó lè wọlé.

Kì í ṣe Apple nìkan o. Galaxy Buds àwọn Samsung, fífò láti fóònù bọ́ sórí tablet fúnra ẹ̀, láàárín ẹ̀rọ Galaxy ti Samsung sí Galaxy míì nìkan ni, ẹni tó bá sì gbé Buds2 Pro sórí iPhone ò ní rí áàpù tó máa fi ṣètò ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ohùn gan-an wá ni èyí tí wọn kì í sọ fúnni. Ọ̀nà tí Bluetooth ń gbà fún, orin ò lè gba ibẹ̀ kọjá bó ṣe rí, fóònù ní láti dì í bí wọ́n ṣe ń di ẹrù sẹ́yìn ọ̀kadà, airpod á wá tú u nígbà tó bá dé etí. Bí wọ́n ṣe ń dì í yìí ni wọ́n ń pè ní codec, ẹni tó ń dì àti ẹni tó ń tú gbọ́dọ̀ mọ irú kókó kan náà. SBC ni kókó tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ mọ̀. iPhone mọ AAC kún un, ó parí síbẹ̀. Sony ní LDAC, tó lè gbé tó 990 kilobit ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí SBC sábà máa ń dúró síbi 328, Sony sì ti yọ̀ǹda ẹ̀ fún Android láti Android 8 ní 2017, èyí ni mo fi ń kan sáárá sí wọn. Ẹni tó wá fi iPhone gbọ́ Sony tó rà torí LDAC, ó ti sanwó ẹran, omi ọbẹ̀ ló ń lá.

Ṣé kò ṣeé ṣe ni? Ó ṣeé ṣe jàre. Àwọn airpod míì wà tó jẹ́ pé tí ẹ bá yọ wọ́n létí, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń sọ fún fóònù pé kó dúró, ní èdè àjọsọ yẹn náà, fóònù yòówù kó jẹ́ á sì gbọ́. Ìdí tí ìjọba àwọn Yúróòpù fi gbé e dìde nìyẹn, ní March 2025 wọ́n pàṣẹ fún Apple pé kó ṣí irú kíkónẹ́ẹ̀tì kíá àti fífò láti ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ fún airpod àwọn ẹlòmíì. Apple fárí gá. Àṣẹ ọ̀hún ò sì kan Kogi.

Ohun kan tó tún ń tan èèyàn ni àwòrán tó máa ń yọ lórí iPhone yẹn. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú ti kọ́ díẹ̀ nínú ẹnà náà, tiwọn náà ń yọ àwòrán, ẹ má fi ìyẹn mọ ojúlówó.

Tí ẹ bá fẹ́ rà, tí ẹ bá bi oníṣọ́ọ̀bù pé ṣé ó máa bá fóònù mi ṣiṣẹ́, á ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì parọ́. Ẹ bi í pé kí ló máa ṣe lórí fóònù tèmi yìí, ẹ wo bóyá áàpù ẹ̀ wà fún irú fóònù yín, ẹ kónẹ́ẹ̀tì ẹ̀ níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ létí lójú ẹ̀ kí ẹ gbọ́ bóyá orin dúró, ká tó wá máa ná an.

Àbúrò mi ti kọ́ báyìí, ó ń fọwọ́ kàn án kí orin dúró kó tó yọ ọ́, ó sì ń dá a padà sínú páálí ẹ̀. Ó tún pè mí lánàá. Ó ní òun ti ro ọ̀rọ̀ náà, airpod ò ní láìfí, fóònù ló kù, ṣé mi ò ní ra èyí tó gbọ́ ẹnà ẹ̀ fún òun ni.